Ọjọ́ Wo Lẹ Máa Padà Wá? Ìfiwéra Àwọn Tó Ń Pa Kòkòrò àti Eku ní Ìbàdàn

Ilé ìyá mi ní Òkè Àdó ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ra àga tìmùtìmù àlòkù kan, kò mọ̀ pé ìdun ti fi inú rẹ̀ ṣelé. Kí oṣù tó parí, ìdun ti dé ara bẹ́ẹ̀dì màmá. A pe ọmọkùnrin kan tó ń gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn kiri àdúgbò. Ó fín gbogbo yàrá, òórùn oògùn náà ta wá nímú débi pé a ní láti lọ sùn sílé ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí a padà dé, òkú ìdun sùn lọ rẹrẹ nílẹ̀. Inú wa dùn, a tilẹ̀ fi nǹkan kún owó rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Mo pe ọmọkùnrin náà títí kó tó gbé fóònù. Ó ní iṣẹ́ tuntun nìyẹn, kí a mú owó tuntun wá.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé oògùn tí wọ́n ń fín kì í sábà ran ẹyin ìdun. Ìdun tó ń rìn ló ń pa. Ẹyin tó lẹ̀ mọ́ inú pákó bẹ́ẹ̀dì àti ojú rírán àga á wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì pa di ọmọ ìdun ní nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 10. Aáyán náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó fẹ́ràn ẹ̀yìn fíríìjì, a máa kó ẹyin bí 30 sí 40 sínú àpò líle kan ṣoṣo, oògùn ò sì ń ráyè wọ inú àpò yẹn. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti mú ọjọ́ tó máa padà wá kó tó fín ti àkọ́kọ́ rárá.

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá pa nǹkan nílé mi: «Ọjọ́ wo lẹ máa padà wá?» Mo ti wá rí i pé ìdáhùn sí i ń sọ púpọ̀ nípa owó, nípa ìwé àṣẹ àti nípa oògùn tó wà nínú pọ́ńpù.

Nígbà òjò tó kọjá, eku wọ ilé wa ní Apẹ̀tẹ̀. Òjò ti kún ihò wọn nínú igbó ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gòkè wá bá wa. Mo pe ènìyàn mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo mú wọn yí ilé kan náà ká, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ìbàdàn tí olè ti ń jàre olóhun là ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí èkúté náà máa jàre onílé.

Àwọn mẹ́ta tí mo pè

| | Ọmọkùnrin onípọ́ńpù | Bàbá wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì | Ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ |
|---|---|---|---|
| Ohun tó kọ́kọ́ ṣe | Ó ka yàrá, ó dárúkọ owó | Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wá ihò | Wọ́n bi mí nípa ọmọdé, oyún, ikọ́ fée àti ẹran ọ̀sìn |
| Oògùn | Ike tí kò ní ìwé lára | Kò fẹ́ lo oògùn kí ihò tó di dídí | Ìgò tó ní nọ́ńbà NAFDAC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn), àpótí oògùn eku tó ń tì pa |
| Ìpadàwá | «Ẹ pè mí tó bá tún wáyé» | Ilé rẹ̀ ò jìnnà, ó lè yà nígbàkigbà | Ọjọ́ kẹrìnlá àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, lórí rìsíìtì |
| Owó | Ó kéré jù | Owó ìyẹ̀wò nìkan | Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ |

Ẹni àkọ́kọ́ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo ní kó fi oògùn rẹ̀ hàn mí, ike mínírà ló mú jáde, omi pupa kan wà nínú rẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ ronú sí i: ike tí ọmọ yín mọ̀ sí ohun mímu aládùn ni wọ́n bu májèlé sí. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní, «Màmá, ojúlówó ni, ẹ má ṣèyọnu.» Mi ò gbà á láyè.

Síbẹ̀, àánú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe mí gan-an. Òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn. Àwọn gan-an ni májèlé náà kọ́kọ́ ń bá jà: kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbomú, aṣọ tí wọ́n fi fín ilé onílé láàárọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọmọ wọn mọ́ra lálẹ́. Bó bá jẹ́ èèrà ní fàráńdà ni, tàbí kòkòrò tó kóra jọ sínú gọ́tà, tí ẹ̀yin fúnra yín ra oògùn tí ẹ sì ka ohun tó wà lára rẹ̀, ọwọ́ wọn tó o. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ fún wọn pẹ̀lú. Fún ìdun, fún aáyán tó ti gba kíṣìnnì, fún ikán, ẹ má fi owó yín ṣòfò.

Ẹnì kejì ni ọkàn mi fà sí jù. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ n'Íbàdàn ò ní gbàgbé wolé-wolé, àwọn tó ń ṣí ìdérí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí gbogbo agboolé á máa sáré gbálẹ̀ bí wọ́n bá ti rí wọn lókèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé. Bàbá tí mo pè yìí ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò fẹ̀yìn tì. Ó tó wákàtí kan tó fi yí ilé náà po. Ó dùbúlẹ̀ wo abẹ́ síńkì. Ó wo ibi tí páàpù gba inú ògiri kọjá, ó wo ibi tí páànù ti pàdé ògiri lókè, ó gbé ojú sí ìdérí sọ́kàwéè tó ti là. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ihò kan lẹ́yìn kíṣìnnì, ó ní, «Ihò tí àtàǹpàkò bá wọ̀, àgbà eku wọ̀ ọ́. Èyí tí bírò bá wọ̀, eku kékeré á gbabẹ̀ kọjá. Ògiri tí ò lanu, aláàǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bíríkìlà ni kí o kọ́kọ́ pè, ọmọ mi, má tíì pe olóògùn.»

Ihò mọ́kànlá ló kà nílé tí mo ti ń gbé fún ọdún mẹ́fà. Ó ní kí a fi wáyà ìfọkòkò dí inú rẹ̀ kí a tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó, nítorí eku lè gé fóòmù àti igi. Ó ní kí n kó gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà kúrò nínú àpò, kí n dà wọ́n sínú ike tó ní ìdérí. Ìyẹn ju ọ̀rọ̀ pé eku ń jẹ wá ní oúnjẹ lọ. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń ranni, eku tó bá sì tọ̀ sínú gàrí kò ní fi àmì kankan sílẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀bá tàbí àmàlà tó kọjá lórí iná ni, ewu rẹ̀ dín kù. Gàrí tí a rẹ sínú omi tútù ni kí ẹ ronú lé lórí.

Ibi tí Bàbá kù sí ni pé agbára rẹ̀ ò gbé gígun àjà mọ́, kò sì ní ìwé àṣẹ láti máa lo májèlé nílé ènìyàn. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó béèrè.

Àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ mú jáde. Ṣé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà nílé? Ṣé aboyún wà? Ṣé ẹnikẹ́ni ní ikọ́ fée? Ṣé a ń sin nǹkan? Mo ní àwa ò sin nǹkan, aládùúgbò wa ló ń sin ẹja àrọ̀ nínú tánkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà gbé bírò sókè, ó ní ó dáa tí mo sọ ọ́. Irú oògùn tó wọ́pọ̀ jù fún kòkòrò inú ilé, bíi cypermethrin àti deltamethrin, díẹ̀ ló máa kán sínú omi kí ẹja tó kú tán. Ilé mélòó n'Íbàdàn ni wọn ò ti sin ẹja lẹ́yìnkùlé lónìí? Ẹni tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ ẹja lọ́wọ́ yín lè fi ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò yín.

Àléébù kan wà lára tiwọn náà. Wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n á máa wá ṣe «fúmígéṣọ̀n» gbogbo ilé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé eku nìkan ni mo pè wọ́n fún. Mo kọ̀ ọ́. Ilé oúnjẹ, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn nílò irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ilé tí ènìyàn márùn-ún ń gbé kò nílò kí a máa da májèlé sí i lọ́nà déédéé bí ẹni ń san owó iná.

Ọ̀rọ̀ fúmígéṣọ̀n yìí gan-an, ó yẹ ká là á. Lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn, gbogbo oògùn tí a bá ti fín ti di fúmígéṣọ̀n. Ṣùgbọ́n fúmígéṣọ̀n gidi ni kí a fi gáàsì kún ibi tí a ti dí pa, bí wọ́n ti ń ṣe fún ilé ìkẹ́rùsí kòkó tàbí àgbàdo. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aluminium phosphide, sínú yàrá yín láti fi pa eku tàbí ìdun, ẹ lé e jáde. Gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ lè gba inú ihò ògiri kọjá sí yàrá kejì, kò sì ní oògùn tó ń pa agbára rẹ̀ bó bá ti wọ ara ènìyàn.

Owó: ẹ má wo ti ẹ̀ẹ̀kan

Ẹ jẹ́ ká fi iye àfiṣàpẹẹrẹ wò ó, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ẹnì kan gba ₦20,000, ó fín, ó lọ. Ká ní àwọn kejì gba ₦50,000, wọ́n sì máa wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Lójú, ẹni àkọ́kọ́ ló dín owó. Ṣùgbọ́n ìdun kì í sábà tán ní ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ẹ máa pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di ₦60,000. Ẹ ò tíì ṣírò owó ọkọ̀ àti ti oorun tí ẹ pàdánù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Òkè Àdó gan-an nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ owó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kòkòrò wo ni, yàrá mélòó, ìgbà mélòó. Ẹ bèèrè bóyá àjà àti sọ́kàwéè wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ á fín yàrá tán, wọ́n á wá ní ti sọ́kàwéè lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn aáyán ńláńlá ti ń wọlé lóru. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é bó ṣe yẹ lè fi VAT, ìyẹn owó orí ìjọba, kún un, 7.5% ni, ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Bí ilé-iṣẹ́ bá wà ní Challenge tí ilé yín wà ní Mọníyà, owó ọkọ̀ á wọ̀ ọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ lọ́jọ́ ìpadàwá ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ.

Fún àwọn tó ń gbé ilé tí yàrá ti kojú síra, ní Agbowó, ní Bẹẹrẹ, ní Yemẹtu, ọ̀nà kan ló wà: ẹ dáwó jọ. Bí yàrá kan bá fín tí mẹ́sàn-án ò fín, aáyán á ṣí lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, á sì padà bí òórùn oògùn bá ti fò lọ. Owó orí yàrá kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ máa ń wálẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá rí yàrá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tèmi, ohun tó jẹ mọ́ ara ilé, ihò ògiri, sọ́kàwéè tó là, ikán, láńlọ́ọ̀dù ló yẹ kó gbé e. Ìdun tí mo bá fi àga àlòkù gbé wọlé, èmi ayálégbé ni mo ni ín.

Ìwé àṣẹ, àti ìwé tí kì í ṣe àṣẹ

Ibí ni wọ́n ti máa ń fi ìwé púpọ̀ bo wa lójú. Ìwé tí wọ́n sábà máa kọ́kọ́ nà sí yín ni ti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Ìwé yẹn wúlò: ó fi hàn pé okòwò náà lórúkọ, ẹ sì lè wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta bàtà ní Gbági lè ní in. Kò sọ pé ẹni náà mọ májèlé lò.

Ìwé tó yẹ kí ẹ béèrè ni ti ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlera àyíká, èyí tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀. EHORECON ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, Environmental Health Council of Nigeria ló ń jẹ́ báyìí. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn wolé-wolé wà, òun náà ló ń fún àwọn tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ìpakòkòrò ní ìwé àṣẹ. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kó bá ti orí rìsíìtì mu. Ẹ wo ọdún rẹ̀ pẹ̀lú.

NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ oògùn kòkòrò sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìgò. Ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn gbọ́ «a ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC», kó rò pé iṣẹ́ ẹni náà ni NAFDAC fọwọ́ sí, nígbà tó jẹ́ pé ìgò oògùn tó rà ní ọjà ló ní nọ́ńbà. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kó yé yín: ṣé ìgò ni, àbí ẹ̀yin?

Ẹgbẹ́ tún wà tí wọ́n ń pè ní PECAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń pa kòkòrò ní Nàìjíríà. Ó dáa kí ènìyàn wà nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ rẹ̀. Káàdì ẹgbẹ́ kò dípò ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ kò dípò rẹ̀.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ohun mìíràn ni wọ́n lè ṣe fún yín, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀. Bí àkìtàn ẹnì kan tàbí gọ́tà tó dí ló ń bí eku sí gbogbo àdúgbò, ẹ lè lọ fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín láì san owó fún olóògùn kankan. Ẹ kàn mọ èyí tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ nínú mọ́kànlá tó wà n'Íbàdàn: Bódìjà wà ní Àríwá Ìbàdàn, Òkè Àdó ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, Mọníyà ní Akínyẹlé, Apẹ̀tẹ̀ tiwa ní Ìdó.

Ohun tó wà nínú ìgò

Bí ẹ bá gbójú fo gbogbo ìyókù, ẹ má gbójú fo èyí. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò náà hàn yín kí wọ́n tó pò ó, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, dókítà ní UCH nílò orúkọ yẹn. Bó bá jẹ́ irú dichlorvos ni, ìyẹn èyí tó máa ń mú kí itọ́ àti òógùn bo ènìyàn, kí ọmọ ẹyinjú sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, atropine ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò. Bó bá jẹ́ oògùn eku tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ya, vitamin K ni. Ìtọ́jú méjèèjì ò jọra, ike mínírà kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ má fún ẹni tó gbé májèlé mì ní epo pupa, ẹ má sì fi ipá mú kó bì. Epo yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ gbé ìgò, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀tápíàpíà tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kéékèèké lójú títì, kò sí ẹni tó lè sọ fún yín bí agbára rẹ̀ ti tó. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos ìgò 100ml sísàlẹ̀ ní ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀mí tó ń gbà. Oògùn oko ni. Òun náà ló fà á tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015, torí wọ́n bá a nínú ẹ̀wà ju ìwọ̀n lọ. Ẹ̀yin ìyá tó ń ra ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà láti tọ́jú, ike tó dí pa tàbí àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀ á pa kòkòrò inú ẹ̀wà fúnra rẹ̀, láì sí ẹ̀kán oògùn kan.

Fún aáyán kíṣìnnì, ẹ béèrè jẹ́ẹ̀lì dípò fínfín. Wọ́n á kán an tóótòòtó sí kọ̀rọ̀, aáyán á jẹ ẹ́, á kó o lọ fún àwọn tó wà nínú ihò. Kò ní òórùn, ẹ ò sì ní kó abọ́ jáde. Bí wọ́n bá lo jẹ́ẹ̀lì, ẹ má fín ohunkóhun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí aáyán ò ní sún mọ́ ọn mọ́.

Ti ikán yàtọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́lé sí Mọníyà, lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ oko rí, tí òkìtì ikán méjì wà níbẹ̀. Wọ́n wó òkìtì náà, wọ́n sì rò pé ó tán. Bíríkìlà ní kí wọ́n da ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù sí ìpìlẹ̀, wọ́n dà á. Ọdún kẹta, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, èsúnsún bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú ògiri pálọ̀, wọ́n ń fò yí gílóòbù ká. Àwọn ọmọ ń ṣà á, wọ́n ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò yọ̀ rárá. Èsúnsún tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, àlejò ni. Èyí tó bá ti inú ògiri jáde, onílé ni, ìdílé rẹ̀ wà lábẹ́ ilé yín.

Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ò lè dá ikán dúró pẹ́, ó sì ń ba ilẹ̀ àti omi kànga jẹ́. Solignum tí káfíńtà ń kùn sára igi dára fún igi, ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ ilẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ni kí wọ́n da oògùn ikán sí gbogbo inú ìpìlẹ̀ àti erùpẹ̀ tí wọ́n fi kún un, kí wọ́n tó da kọnkéré sórí rẹ̀. Ọjọ́ kan ni iṣẹ́ yẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ilé náà ni ààyè rẹ̀ sì máa ń wà. Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Akobo, ní Ọlọ́dó, níbikíbi tó ti jẹ́ igbó láìpẹ́, ẹ fi owó yìí sínú ìṣirò ìpìlẹ̀, kí ẹ tó ronú táìlì.

Lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró, ó di kí wọ́n máa lu ihò yí ògiri ká nínú àti lóde, kí wọ́n máa fi oògùn sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ ga, kò sì lè dé gbogbo ibi bíi ti ìgbà ìpìlẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo mẹ́nu bà, èyí nìkan ni mo máa sọ pé kí ẹ má ṣe fi wéra rárá pẹ̀lú onípọ́ńpù: ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ ni, ó tán. Wọ́n á ṣèlérí garantí ọdún díẹ̀. Ẹ kà á dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àdéhùn pé wọ́n á padà wá fi oògùn sí i ni. Kò sọ pé wọ́n á san owó igi orùlé tí ikán bá ti jẹ. Ẹ bèèrè orúkọ oògùn níbí pẹ̀lú. Chlorpyrifos tí ọ̀pọ̀ ti ń lò fún ikán láti ọjọ́ pípẹ́, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kọkànlá 2024. Bí ẹnì kan bá ṣì gbé e wá, ó ń lo èyí tó kù sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé yín ló sì fẹ́ lò ó tán sí.

Ohun tí mo ṣe nílé mi

Mo san owó ìyẹ̀wò fún Bàbá wolé-wolé, mo pe bíríkìlà, ó dí ihò mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni mo pe ilé-iṣẹ́ padà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ihò ti di dídí, àpótí oògùn tí wọ́n rò pé ó máa gbà wá sílẹ̀ láti méje sí mẹ́ta, owó náà sì wálẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé eku tó bá jẹ ẹ́ ò ní kú lójú ẹsẹ̀, ó lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan, àti pé bí mo bá rí òkú rẹ̀ kí n má fọwọ́ lásán gbé e, kí n má sì jẹ́ kí ológbò aládùúgbò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá bọ́ sí Ọjọ́rú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù tí obìnrin náà fi kan géètì. Ó ṣí àpótí àkọ́kọ́, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Ìkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, lábẹ́ tánkì omi, eku ti gé igun rẹ̀ kan. Ó tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí eruku títí dé ibi tí páàpù ìdọ̀tí ti wọ inú ògiri, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ihò kọkànlá, èyí tí bíríkìlà fò. Mo pe bíríkìlà lórí fóònù níbi tí a dúró sí. Obìnrin náà kọ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sórí rìsíìtì mi, ó fa ìlà sí i nídìí, ó gbé àpò rẹ̀, ó ní ó dìgbà náà.